Ẹ̀gbin Kì Í Ṣe Ọ̀fẹ́: Ohun tí Àìmọ́tótó Ti Gbà Lọ́wọ́ Wa láti Ayé Owó Omi Èkó

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹni tó ṣẹ ẹlòmíràn tí kò sì rántí mọ́ la sábà máa ń fi òwe yìí bá wí. Ṣùgbọ́n nínú àròkọ yìí, bí ó ti wà gan-an la fẹ́ lò ó. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ àti ààtàn la gbé wá síwájú yín. Ọ̀rọ̀ tí ojú ń tì wá láti sọ yìí wà lára ohun tó ń jẹ wá lówó jù.

A ti gbọ́ wàásù púpọ̀ lórí ìmọ́tótó. Kò sí ọmọ kéú tí kò mọ̀ pé ìmọ́tótó wà lára ìgbàgbọ́, pé ìrun kò sí fún ẹni tí kò mọ́, àti pé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún èèyàn láti yàgbẹ́ sójú ọ̀nà tàbí sábẹ́ ibòòji tí àwọn ènìyàn ń sinmi sí. A kò ní tún wàásù náà wà. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni pé kí á ṣí ìwé ìṣirò, kí á wo ohun tí ẹ̀gbin ti gbà lọ́wọ́ wa ní ilẹ̀ yìí láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀, kí á sì wo ẹni tó ń san án.

Ìṣirò Tí A Ṣe ní Ilé-Kéú

Ilé-kéú tí a ti ń kọ́ni ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ yé wa. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, a ní yàrá mẹ́ta, a ní kànga, a kò ní ilé ìgbẹ́. Igbó ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ọmọ ń lọ. A pe ìpàdé àwọn òbí, a ní kí olúkúlùkù mú ọ̀ọ́dúnrún náírà (₦300) wá lórí ọmọ kan, kí á fi gbẹ́ ṣálángá oníhò méjì. Bàbá kan dìde, ó ní, "Áfáà, ṣé ilé ìgbẹ́ la ní kí ẹ máa kọ́ wọn ni, àbí Àlùkùránì?" Gbogbo ìjókòó bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Owó kò pé, a sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, àgbàrá gba inú igbó náà wá sí ìdí kànga. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ìgbẹ́ gbuuru ti dá ọmọ mọ́kàndínlógún dùbúlẹ̀. Ọlọ́hun ṣàánú wa, kò sí èyí tó kú nínú wọn. A ti ilé-kéú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Nígbà tí a tún pàdé, a ní kí òbí kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó ná. Ìyá kan tó ń ta ata sọ pé ọjọ́ mẹ́fà ni òun kò fi dé ọjà, ata òun jẹrà, owó tí òun fi ń ra ọjà ni òun fi ra oògùn, tí òun sì fi san owó omi tí wọ́n fà sí ọmọ lára. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà. Bàbá tó bi wá léèrè lọ́jọ́sí ní ọmọ méjì nínú àwọn tó ṣàìsàn. Ẹ̀yìn ló jókòó sí lọ́jọ́ náà, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tí a ná sórí àìsàn náà tó ohun tí à bá fi gbẹ́ ṣálángá mẹ́rin.

Ohun tó yé wa lọ́jọ́ náà rèé. Owó ìmọ́tótó máa ń dé lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní orúkọ, ó ní ẹni tó ń gbà á, nítorí náà ó rọrùn fún wa láti bá a jà. Owó ẹ̀gbin kì í dé lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde: díẹ̀ lọ́wọ́ onísọ́ọ̀bù oògùn, díẹ̀ lórí ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣòfò, díẹ̀ lára owó ojú-ọjà ìyá aláta, díẹ̀ lórí pósí kékeré. Kò sí ẹni tó ń já ìwé rẹ̀ fún wa, nítorí náà à ń pè é ní àyànmọ́. Láti ọjọ́ náà la ti ń fi ojú yìí wo ìtàn ìlú wa.

Owó Omi ní Èkó

Èkó la ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àríyànjiyàn lórí ẹni tí yóò san owó ìmọ́tótó ti gbóná jù láyé ìjọba òyìnbó. Erékùṣù ni ìlú náà, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ó sì ní irà. Omi kànga ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò, kànga náà kò sì jìnnà sí ibi tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí. Gómìnà William MacGregor, tó ṣàkóso níbẹ̀ láti 1899 di 1904, jẹ́ dókítà oníṣègùn. Òun ló la ipa odò tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní, láti fi fa irà gbẹ nítorí ẹ̀fọn àti ibà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Gómìnà Walter Egerton gbé ètò omi ẹ̀rọ jáde ní 1908: kí wọ́n fa omi wá láti Ìjù, kí àwọn ará ìlú sì máa san owó omi.

Èkó fárígá. Àwọn dókítà méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, John Randle àti Orísadípẹ̀ Ọbasá, dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ lọ́dún náà láti ta ko ètò yìí. Ohun tí àwọn ará ìlú ń sọ ni pé kànga àwọn tó àwọn í lò, àti pé torí àwọn òyìnbó ni wọ́n ṣe fẹ́ fa omi náà. Wọ́n ní ẹni tí kò ra ọjà, wọn kì í béèrè owó ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí omi náà dé, tí ìjọba Lugard sì ní dandan ni kí wọ́n san owó rẹ̀, ìrúkèrúdò bẹ́ sílẹ̀ nígboro ní 1916.

Ó yẹ kí àwa Mùsùlùmí mọ ipa tiwa nínú ìtàn yìí, nítorí pé Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà náà. Lèmọ́mù àgbà àti àwọn èèyàn rẹ̀ fara mọ́ ti ìjọba. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìjọ dúró ti Eléko Èṣùgbàyí, wọ́n ní àwọn kò san. Bí ìjọ mọ́sálásí àgbà ṣe pín sí Ẹgbẹ́ Lèmọ́mù àti Ẹgbẹ́ Jámáà nìyẹn, tí wọ́n sì ń fa ara wọn lọ sí kóòtù. Owó omi wà lára ohun tó kó àwọn tó ń kírun lẹ́yìn lèmọ́mù kan náà sínú ìjà ọlọ́dún gbọọrọ.

A kò ní sọ pé òmùgọ̀ ni àwọn baba wa. Wọn kò ní aṣojú tí wọ́n fọwọ́ ara wọn yàn nínú ìgbìmọ̀ tó bu owó náà lé wọn lórí. Ẹni tí a bù lówó láìbi í léèrè, bí ó bá bínú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ka ìtàn náà, a rí i pé ìwé ìṣirò kan ṣoṣo ni ó wà lójú tábìlì, ìyẹn iye tí omi ẹ̀rọ yóò ná ìlú. Ìwé kejì, iye tí omi kànga tó dọ̀tí ń ná àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ pọ̀n lọ sílé ìwòsàn, kò sí nítòsí. Ìjọba kò mú un jáde, ìlú kò béèrè rẹ̀. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí.

Àrùn Èkúté àti Ilé Tí A Wó

Kò pẹ́ tí ìwé kejì náà fi ṣí ara rẹ̀. Ní 1924, àrùn kan wọ Èkó tí kòkòrò tín-ín-tìn-ín ara èkúté ń gbé kiri, tó ń mú kí abẹ́ abíyá àti ìtan èèyàn wú, tó sì ń pani ní ọjọ́ mélòó kan. Èkúté kì í gbé ibi tí kò bá sí oúnjẹ fún un. Ilé tó há mọ́ ara wọn àti pàǹtí tí kò sí ẹni tó ń kó o ni ó fún un ní àyè. Àrùn náà ń lọ, ó ń bọ̀, fún bí ọdún mẹ́fà. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba fi dá ìgbìmọ̀ Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, kí ó máa wó àdúgbò tó bá há, kí ó sì tún ìlú ṣe.

Owó ẹ̀gbin kì í tán síbi àrùn. Ó ń lé ènìyàn jáde nílé pẹ̀lú. Ní 1955, ìgbìmọ̀ yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín gbùngbùn erékùṣù Èkó, nínú ètò tí wọ́n ní yóò gba nǹkan bí àádọ́rin éékà ilẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbin àdúgbò náà ti pọ̀ ju ohun tí a lè fi ìgbálẹ̀ gbá lọ. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n lé jáde ni wọ́n kó lọ sí Sùúrùlérè. Ọ̀gbẹ́ni Peter Marris, òyìnbó kan tó lọ bá àwọn ènìyàn wọ̀nyí sọ̀rọ̀, tó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961, rí i pé ilé tuntun náà mọ́, ó dára, ṣùgbọ́n ọjà kú mọ́ àwọn onísòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́. Àwọn oníbàárà wọn kò tẹ̀lé wọn. Owó ọkọ̀ dé bá ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹbí tó ń jẹun nínú abọ́ kan náà túká. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni í gbà. Ohun tí gọ́tà àti agbálẹ̀ ìbá ti ṣe láàárọ̀, katakata ló ṣe é lálẹ́, ẹni tí katakata sì wó ilé rẹ̀ kọ́ ló ní ẹ̀bi nìkan.

Ògùnpa

Ẹ jẹ́ kí á kúrò ní Èkó, kí a má baà rò pé ọ̀rọ̀ etí òkun nìkan ni. Ìbàdàn wà lórí òkè, odò Ògùnpa sì la àárín rẹ̀ kọjá. Àwọn ará ìlú rí odò náà bí ẹni tí Ọlọ́hun rán wá kó ìdọ̀tí wọn lọ. Wọ́n da pàǹtí sí i, wọ́n kọ́lé sí etí rẹ̀, títí ọ̀nà omi fi dí. Odò náà kìlọ̀: ó kún ní 1960, ó kún ní 1963, ó kún ní 1978. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, kò kìlọ̀ mọ́. A wà ní ọmọdé nígbà náà, a sì rántí bí àwọn àgbà ṣe kó ara wọn jọ sídìí rédíò. Omi gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ó gbé ilé, ọkọ̀ àti ọjà inú ṣọ́ọ̀bù lọ. Ẹni tó jí ní ọlọ́rọ̀ di ẹni tí wọ́n ń fún ní aṣọ wọ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba ológun mú ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó le. Ní 1985, wọ́n fi ìmọ́tótó àyíká kún ètò ìgbógunti ìwà ìbàjẹ́ tí a mọ̀ sí WAI, tí ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù fi di ọjọ́ gbálẹ̀-gbálẹ̀. Àwa náà di ọkọ́ mú. A kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà jáde, a kó o jọ sétí gọ́tà náà, a ń retí ọkọ̀ tí yóò wá kó o. Nígbà tí ọkọ̀ kò dé, òjò kó o padà síbi tí a ti gbé e. Ó ṣe, ó ṣe, ìpínlẹ̀ Èkó fòpin sí ìséde ọjọ́ náà ní 2016, nítorí pé wákàtí mẹ́ta tí wọ́n fi ń ti ìlú pa náà ní iye tó ń náni. Gbígbálẹ̀ láìsí ibi tí a ó da ìdọ̀tí sí, lálá lásán ni.

Ìbàdàn náà kò bọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá tún gba ìlú, ó sì pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí igba mílíọ̀nù dọ́là ($200 mílíọ̀nù) láti fi tún ọ̀nà omi Ìbàdàn ṣe. Gbèsè ni owó náà. Ọmọ tí a kò tí ì bí nígbà tí wọ́n ń da ààtàn sí Ògùnpa wà lára àwọn tí yóò san án. Ẹni tó ṣu ti gbàgbé, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń kó o.

Onígbá-Méjì àti Ìwé Ìṣirò Báńkì Àgbáyé

Nínú gbogbo àwọn tó ń gba owó ẹ̀gbin lọ́wọ́ wa, kò sí èyí tó yára tó àrùn onígbá-méjì. Ní ìparí ọdún 1970 ló wọ Èkó. Ní 1971, àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó mú ní Nàìjíríà jẹ́ 22,931, ó sì pa 2,945. Ní 1991, ó mú 59,478, ó pa 7,654. Ní 2021, àwọn tí wọ́n fura pé ó mú lé ní 111,000, àwọn tó kú sì lé ní 3,600. Ẹ kíyè sí i pé ní ọdún 1971, nínú ẹni mẹ́jọ tó mú, ó ń pa tó ẹnì kan. Ní 2021, nínú ẹni ọgbọ̀n, ó pa bí ẹnì kan. Àwọn dókítà ti mọ̀ ọ́n tọ́jú sí i, ṣùgbọ́n àwa tí ń mu omi ìgbẹ́ kò dín kù. Iṣẹ́ àti oògùn la fi ń san gbèsè tí ṣálángá ìbá ti dá dúró. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, bí a ti ń múra Iléyá, ó tún bẹ́ ní Èkó. Àwọn èèyàn ń bẹ̀rù ohun mímu inú ike tí wọ́n ń tà lójú pópó, ọjà sì kú mọ́ àwọn obìnrin tó ń sè é lọ́wọ́, èyí tó mọ́ àti èyí tí kò mọ́.

Ní 2012, àwọn onímọ̀ Báńkì Àgbáyé ṣe ìṣirò tí àwọn baba wa kò ṣe ní 1916. Wọ́n ní àìmọ́tótó ń gba bílíọ̀nù márùndínlọ́gọ́ta-dín-nírinwó-lé... kí á kọ ọ́ lóǹkà kí ó lè yé wa: ₦455 bílíọ̀nù lọ́dún kan ṣoṣo lọ́wọ́ Nàìjíríà. Ó tó bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là ní owó ìgbà náà. Bí a bá pín in, ó jẹ́ ogún dọ́là lórí olúkúlùkù, àti ọmọ ọwọ́ àti arúgbó. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni iye iṣẹ́ tí àwọn tó kú láìtọ́jọ́ ìbá ti ṣe láyé, nítorí pé ọmọdé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni àkókò tó ń ṣòfò. Wọ́n ní ẹni tí kò ní ilé ìgbẹ́ ń lo tó ọjọ́ méjì àbọ̀ lọ́dún láti wá ibi kọ́lọ́fín tí yóò yàgbẹ́ sí. Obìnrin ló ń jẹ ìyà èyí jù, nítorí òun ni kò lè kàn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, òun náà ló sì ń mú ọmọ kékeré lọ. Lẹ́yìn náà ni owó ilé ìwòsàn. Wọ́n ní bí a bá fẹ́ kí yíyàgbẹ́ sí gbangba dópin, ilé ìgbẹ́ tí a nílò kò tó mílíọ̀nù méje.

Ìjọba gbọ́. Ní 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó ní pàjáwìrì. Ní 2019, ó buwọ́ lu àṣẹ pé nígbà tí yóò bá fi di 2025, kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò tún máa yàgbẹ́ sí gbangba. Ọdún 2025 dé bá wa, ọ̀nà igbó kò tí ì hu koríko.

Orúkọ Ta Ni Yóò Wà Lára Ṣálángá?

Ọ̀bùn rí ikú ọkọ tì ràn mọ́. Òwe yìí ń bá wa wí bí a bá ń di gbogbo ẹ̀bi ru ìjọba. Ìjọba jẹ̀bi, a kò sọ pé kò jẹ̀bi. Owó omi tí Èkó kọ̀ ní 1916 kọ́ wa pé ìlú kì í fi tayọ̀tayọ̀ sanwó fún ẹni tí kò bá fi ìwé ìṣirò hàn án. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ wa ni láti béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ wa pé: owó pàǹtí tí à ń san, ibo ló ń lọ? Ọkọ̀ mélòó ló rà? Ṣùgbọ́n kí á béèrè lọ́wọ́ ara wa pẹ̀lú.

Ẹ rìn yí ká àwọn mọ́sálásí wa. Ẹ ó rí kànga tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé sàráà ni fún olóògbé lágbájá. Ẹ ó rí fáànù, ẹní àti aago tí wọ́n kọ orúkọ sí. Láti ìgbà tí a ti ń rìn kiri, a kò tí ì rí ẹni tó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sára ṣálángá. Ojú ń tì wá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kànga tí kò ní ṣálángá tó jìnnà sí i dáadáa, omi àlùwàlá rẹ̀ kò dá wa lójú. Bí omi bá jẹ́ sàráà tí ẹ̀san rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró, ohun tó ń dáàbò bo omi náà yẹ kó wà nínú ẹ̀san kan náà.

A gbẹ́ ṣálángá ilé-kéú wa nígbẹ̀yìn. A kò tún pe ìpàdé lórí rẹ̀. Bàbá tó bi wá léèrè lọ́jọ́sí ló wá bá wa lẹ́yìn ìrun Àṣùbáà ọjọ́ kan pẹ̀lú báàgì sìmẹ́ńtì mẹ́ta àti bíríkìlà kan. Ó ní kí á má dárúkọ òun. A kò dárúkọ rẹ̀ títí di òní. Kànga náà, a rọ́ ọ, a gbẹ́ òmíràn sí apá òkè. Láti ìgbà náà, ọmọ ń ṣàìsàn bí ọmọ ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n a kò tún ti ilé-kéú nítorí ìgbẹ́ gbuuru mọ́, ìyá aláta sì ń dé ọjà rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ojú tí a ó fi rí owó tó ń jò lápò wa, kí Ó sì fún wa ní ọwọ́ tí a ó fi dí i. Àmín.